Gbèsè tí Alátọ̀gbẹ Jẹ Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ẹ̀yin oníṣòwò àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí jẹ́ èyí tí a máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn Haúsá tí a jọ ń gbé sì ń pè ní ciwon suga. A kò fẹ́ gba iṣẹ́ dókítà ṣe. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn wa ni èyí: bí àìsàn kan náà bá ń ṣe ènìyàn méjì ní ìlú kan, ǹjẹ́ ọ̀kan nínú wọn jẹ èkejì ní gbèsè ohunkóhun? Tàbí kí olúkúlùkù gbé ẹrù tirẹ̀, kí ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa ti fi ìwà dáhùn ìbéèrè yìí láìjẹ́ pé wọ́n jókòó rò ó. Ìdáhùn wọn ni pé kí a fi í pamọ́. Ọkùnrin kan a máa mu oògùn lárààárọ̀, ìyàwó rẹ̀ a sì rò pé oògùn ibà ni. Obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò ara wọn a pàdé ní ilé ìwòsàn ní ọjọ́ àwọn alátọ̀gbẹ, olúkúlùkù a sì máa wo ilẹ̀ bí ẹni pé kò rí ẹnìkejì. Kò sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní ìdálẹ̀ tí kò ní irú wọn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tí ń fi í pamọ́, nítorí pé wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Oníṣòwò tí ń gba ọjà àwìn mọ̀ pé bí ìròyìn bá tàn kálẹ̀ pé ara òun kò yá, ẹni tí ń kó ọjà fún òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń retí ìgbéga kò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ máa wò ó bí ẹni tí kò ní lè ṣe iṣẹ́ tí ó le. Ẹni tí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ilé ọkọ mọ̀ pé àwọn ará ilé ọkọ yóò ṣe ìwádìí, wọn yóò sì béèrè àrùn tí ó wà nínú ìdílé. Ní ìlú tiwa, ènìyàn lè fara pamọ́ sáàárín èrò. Ní ìdálẹ̀ níhìn-ín, a kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní Sábọ́n Gàrí ní òwúrọ̀ a ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Ẹni tí kò ní gbèsè lọ́jà lè máa rò pé ojo ni ẹni tí ó dákẹ́.

Gbogbo èyí ni a gbà. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dìde láàárín ìjọ kí ó ka ìwé dókítà rẹ̀ sí gbogbo ènìyàn létí. Ṣùgbọ́n láàárín kí a sọ fún gbogbo ayé àti kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ púpọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ilẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú àrùn tí èyí jẹ́. Bí ibà bá mú ènìyàn, ó lè sùn kalẹ̀ kí àwọn mìíràn tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dìde. Àtọ̀gbẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ara kan wà tí a ń pè ní insulin, òun ni ó ń mú kí ṣúgà tí ó ti inú oúnjẹ wá lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Nínú àwọn kan, pàápàá àwọn ọmọdé, ara kò lè ṣe insulin náà mọ́. Nínú àwọn tí ó pọ̀ jù lọ, ara ń ṣe é ṣùgbọ́n kò tó, tàbí kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣúgà a wá kún inú ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Kò ní ìgbà kan tí a ó sọ pé ó ti tán. Dókítà lè rí aláìsàn ní ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo àwọn ọjọ́ yòókù, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni dókítà ara rẹ̀. Òun ni yóò pinnu iye òkèlè tí yóò jẹ, òun ni yóò yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò ní alẹ́, òun ni yóò rántí oògùn ní ọjọ́ tí ọjà gbóná. Ẹni tí iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn rẹ̀ nílò ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà láti inú wá. Ìyàwó lè fẹ́ràn rẹ̀, dókítà lè gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni orí ni ó mọ bí ó ti ń fọ́ ọ.

Ìdí èkejì tí a fi ń pè é ní gbèsè ni pé gbogbo ohun tí alátọ̀gbẹ mọ̀ lónìí, ara ẹlòmíràn ni a ti kọ́ ọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní Kánádà, wọ́n fún ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leonard Thompson ní abẹ́rẹ́ insulin. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ti rù hangogo, ikú ni wọ́n sì ń retí. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ṣe dáadáa, nítorí oògùn náà kò tíì mọ́ tó. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún gún un, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò. Ọdún mẹ́tàlá ni ó tún lò láyé lẹ́yìn rẹ̀. Banting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wá oògùn náà rí ta ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ gíga Toronto ní dọ́là kan péré fún olúkúlùkù. Ṣáájú wọn, ọmọ tí irú àtọ̀gbẹ yìí bá mú kì í pẹ́ láyé. Nítorí náà, ẹni tí ń gba abẹ́rẹ́ lónìí ní Kánò tàbí ní Jọ́ọ̀sì ti jẹ nínú ohun tí àwọn mìíràn gbìn. Ó ṣòro fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti sọ pé òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkankan.

Àwọn alátọ̀gbẹ ìgbà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1926 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Lisbon ní Potogí kí àwọn tálákà tí àtọ̀gbẹ ń ṣe lè rí insulin gbà. Ní London, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Robin Lawrence, tí àtọ̀gbẹ mú òun fúnra rẹ̀. Ó ti kó lọ sí ìlú Florence ní Ítálì láti máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ikú yóò fi dé, kí ìyà rẹ̀ má bàa jẹ́ ìyà ojú àwọn ẹbí rẹ̀. Ní ọdún 1923, ìròyìn dé bá a pé insulin ti wà. Ó wa ọkọ̀ padà sí London bí ó ti ṣàìsàn tó, ó gba abẹ́rẹ́, ó sì yè. Ní ọdún 1934, òun àti H. G. Wells, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé tí àtọ̀gbẹ ń ṣe òun náà, dá ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣe àkíyèsí pé gbajúmọ̀ ni Wells. Bí ìtìjú bá yẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ ni ìbá yẹ. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jù lọ ni ti àwọn àlejò bí àwa. Nígbà tí Hitler ń dààmú ilẹ̀ Yúróòpù, tọkọtaya kan tí ń jẹ́ Viktor àti Eva Saxl sá kúrò ní Czechoslovakia, wọ́n sì bọ́ sí ìlú Shanghai ní Ṣáínà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àtọ̀gbẹ ń ṣe Eva. Nígbà tí àwọn ará Japan gba ìlú náà pátápátá ní ìparí ọdún 1941, insulin di ọ̀wọ́n, èyí tí wọ́n ń tà níkọ̀kọ̀ sì di ohun tí ènìyàn kò lè fọkàn tán. Viktor kì í ṣe dókítà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wá ìwé ìṣègùn kan, wọ́n kà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa insulin jáde láti inú ẹ̀yà ara ẹfọ̀n inú omi tí wọ́n ń pa ní Shanghai. Wọ́n dán an wò lára ehoro. Lẹ́yìn ehoro, Eva ni ó kọ́kọ́ gún un sí ara tirẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé òun kò kú, wọ́n pín in fún àwọn alátọ̀gbẹ yòókù tí wọ́n há mọ́ ìlú náà, ó ju igba ènìyàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Eva ìbá ti ṣe tirẹ̀ nìkan, kí ó sì fi èyí tí ó ṣẹ́kù pamọ́ de ọ̀la. Ogun ń lọ lọ́wọ́, kò mọ ọjọ́ tí yóò parí. Àwọn tí ó pín in fún kì í ṣe ará ilé rẹ̀, èdè wọn kò sì jẹ́ ọ̀kan. Kí ni ó so wọ́n pọ̀? Àìsàn nìkan ni. A máa ń sọ níhìn-ín pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú wa kò kàn wá; ará Ìjẹ̀ṣà a máa wá ará Ìjẹ̀ṣà, ará Ọ̀fà a máa wá ará Ọ̀fà. Bóyá ìlú kan tún wà tí a kì í kà mọ́ àwọn ìlú, èyí tí ènìyàn ń di ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí dókítà bá sọ fún un pé ṣúgà rẹ̀ ti ga. Ìlú náà sì tóbi: ní ọdún 2024, àjọ àgbáyé tí ń rí sí àtọ̀gbẹ ka àwọn àgbàlagbà tí ó ń ṣe sí mílíọ̀nù 589.

Àwọn kan nínú yín, pàápàá ẹ̀yin tí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, yóò béèrè ẹ̀rí. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2010 láti Amẹ́ríkà, nípa àwọn ọkùnrin 244 tí wọ́n ti ṣe ológun rí, tí ṣúgà wọn kò wálẹ̀ dáadáa. Wọ́n so àwọn kan pọ̀ ní méjì-méjì, kí wọ́n máa pe ara wọn lórí tẹlifóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n fi àwọn yòókù sí abẹ́ àbójútó nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdíwọ̀n tí ń fi hàn bí ṣúgà ti rí fún bí oṣù mẹ́ta ti wálẹ̀ láti 8.02 sí 7.73 lára àwọn tí a so pọ̀; lára àwọn tí nọ́ọ̀sì ń bójú tó, ó gòkè láti 7.93 sí 8.22. Ní ọdún 2015 ni ìròyìn tún jáde láti Yaoundé ní Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, pé ṣúgà àwọn tí wọ́n ní alátọ̀gbẹ ẹlẹgbẹ́ wọn tí ń ràn wọ́n lọ́wọ́ wálẹ̀ ju ti àwọn tí wọn kò ní lọ.

Ohun tí ó wù wá nínú ti Amẹ́ríkà ni pé wọn kò yan ọ̀kan ní olùkọ́ kí wọ́n sì fi èkejì ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Olúkúlùkù ń fún ẹnìkejì, olúkúlùkù sì ń gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Èyí dáhùn ohun tí àwọn kan máa ń sọ, pé, "Èmi tí n kò tíì lè fi mínírà sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn?" Lójú tiwa, ẹni tí ń ṣubú tí ó sì ń dìde wúlò ju ẹni tí ń yangàn pé òun kò fi ṣúgà kan ẹnu láti ọdún mẹ́wàá lọ. Ẹni tí ń yangàn, ìtìjú ni yóò fi kún ti ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ pé, "Mo jẹ ìrẹsì jù ní ìsọmọlórúkọ àná, ohun tí mo sì ṣe ní òwúrọ̀ yìí nìyí," ti fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ohun tí kò sí nínú ìwé.

Àtakò kan wà tí ó lágbára ju èyí lọ. Wọ́n ní bí àwọn aláìsàn bá kó ara wọn jọ, ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ ni wọn yóò máa sọ. Òtítọ́ ni. A ti rí ẹni tí ó fi oògùn dókítà sílẹ̀ nítorí àgbo inú ìgò tí ẹnìkan yìn fún un. A ti rí àwọn tí wọ́n ń yá ara wọn ní hóró oògùn bí ẹni ń yá iyọ̀, láìmọ̀ pé èyí tí ó bá Lágbájá mu lè pa Tàmẹ̀dò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ pé ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú nìkan ni alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa jẹ títí ayé. (Ta ni ó kọ́kọ́ sọ èyí? Ìyà ni ó fi jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn.) Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí òkèlè àlìkámà tí ó tó orí ọmọdé yóò gbé ṣúgà sókè bí iyán, ìwọ̀n òkèlè àti ọ̀pọ̀ ẹ̀fọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Nítorí náà a kò sọ pé kí ẹlẹgbẹ́ di dókítà. Oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ ti dókítà ni. Abẹ́rẹ́ sì rèé, a kò gbọ́dọ̀ lo ti ara wa láé, bí a tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ni àwọn nǹkan tí dókítà kò ní àyè fún.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ooru ìlú yìí. Insulin kò fẹ́ ooru. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù kẹrin, kí ni ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ yóò ṣe? Ẹlẹgbẹ́ tí ó ti bá a rí yóò sọ fún un nípa ìkòkò amọ̀ méjì, kékeré nínú ńlá, tí a fi iyanrìn tútù sí àárín wọn. Olùkọ́ kan ní Jígáwá, Mohammed Bah Abba, ni ó sọ ọ́ di olókìkí fún ìtọ́jú ẹ̀fọ́ àti tòmátì, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex fún un ní ọdún 2000. Àwọn alátọ̀gbẹ ní àwọn ilẹ̀ olóoru ń lo irú rẹ̀ fún insulin, nínú ike tí omi kò lè wọ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Nígbà òjò, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹnu ẹni tí ó ti ṣe é rí ni a ti ń gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ àwẹ̀ náà ńkọ́? Nígbà tí a bá kéde àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí ń gba insulin tí kò sì fẹ́ kí a mọ̀ yóò gbà á pẹ̀lú gbogbo ènìyàn. Ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ kọjá 70. Ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, òógùn yóò bò ó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dàrú, àwọn kan yóò sì rò pé ẹ̀mí ni ó bà lé e. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá mọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó tì í, ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n, lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Bí ó bá ti dákú, kí a má fi nǹkankan sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni. Ẹnìkan ṣoṣo, a tún un sọ. Kò pọn dandan kí gbogbo ìjọ mọ̀.

Ìdájọ́ wa lórí ìbéèrè wa, nígbà náà, ni pé gbèsè wà, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Alátọ̀gbẹ kò jẹ ẹni tí ń tà á lọ́jà ní gbèsè ìròyìn ara rẹ̀, kò sì jẹ olófòófó àdúgbò. Ó jẹ ẹni tí irú àìsàn rẹ̀ ń ṣe, tí ó sì dá wà, ní ọ̀rọ̀ kan: "Èmi náà ni." Ẹni tí ó ti pẹ́ nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀yin méjì tí ẹ ń wo ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn bá lè gbé ojú sókè, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa dá àjọ ra pélébé tí a fi ń wọn ṣúgà, nítorí owó rẹ̀ kò kéré. Ẹ jọ máa rìn ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa yẹ ẹsẹ̀ ara yín wò, nítorí ẹlòmíràn kò lè tẹ̀ mọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ohun tí a bá gbọ́ lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ kú sí wa nínú. Ẹni tí ó bá gbé e lọ sí ọjà ti ba ti ẹgbẹ̀rún ènìyàn jẹ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún la ẹnu.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí àṣírí yìí ti le. Bí ẹlẹgbẹ́ rẹ bá fi oògùn sílẹ̀ ńkọ́? Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò mọ́lẹ̀, tí ó sì ti bẹ̀ ọ́ kí o má sọ fún ìyàwó rẹ̀? Àwọn kan sọ pé àdéhùn ni àdéhùn. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Nítorí ara rẹ̀ ni a ṣe bá a pa àṣírí mọ́. A kò bá egbò dá májẹ̀mú. Ṣùgbọ́n kí a má gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Sọ fún un lójú ara rẹ̀, kí o sì dá ọjọ́ fún un: bí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ náà han dókítà títí di ọ̀túnla, ìwọ yóò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí egbò náà bá ti ń rùn, tàbí tí ẹsẹ̀ ti ń dúdú, tàbí tí ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ tí ó sì ń bì, má dá ọjọ́ kankan fún un. Wá ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí o sì pe ìyàwó rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó lè bínú sí ọ fún oṣù mẹ́fà. Jẹ́ kí ó bínú.